Ọmọ Tó Nílò Ìrànlọ́wọ́ Àkànṣe Ní Kíláàsì: Ìbéèrè Àwọn Tíṣà àti Òbí, Pẹ̀lú Ìdáhùn

Ẹ̀kọ́ àkànṣe ni mo kọ́, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ní Ìbàdàn ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́. Ìbéèrè tí àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi àti àwọn òbí máa ń bi mí jù ló wà nísàlẹ̀ yìí. Bí mo ṣe máa dáhùn fún ẹni tó jókòó tì mí ni mo ṣe dáhùn wọn.

Irú ọmọ wo lẹ ń sọ gan-an?

Ọmọ tí ọ̀nà tí a fi ń kọ́ àwọn yòókù kò tó fún. Àwọn kan wà tí ojú rí: afọ́jú, adití, arọ, ọmọ tó ní Down syndrome, ipò àbímọ́ tó ń hàn lójú, tó sì ń fa ìdàgbàsókè ọmọ sẹ́yìn. Àwọn tí ojú kì í tètè rí ló ń jìyà jù: ọmọ tó jẹ́ etí kan ṣoṣo ló fi ń gbọ́ràn, èyí tí ojú rẹ̀ kò ká bọ́ọ̀dù, èyí tí lẹ́tà ń dàrú mọ́ lójú, akólòlò, ọmọ tí kò lè jókòó sójú kan, ọmọ tó ní autism, tí bíbá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ àti ṣeré ṣòro fún, ọmọ tí wárápá ń mú, ọmọ tí àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ń gbé lọ sílé ìwòsàn léraléra, tí ẹ̀kọ́ sì ń kọjá lórí rẹ̀. Ẹ má ṣe kó gbogbo wọn pọ̀ pé orí wọn kò pé. Púpọ̀ nínú wọn, làákàyè wọn dá ṣáṣá. Ọ̀nà kan ò wọjà, ọ̀nà tí a ń gbà kọ́ wọn ló yẹ ká yí.

Ọmọ kan wà ní kíláàsì mi tí kò mọ nǹkan kan. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ọ̀lẹ ló ń ṣe é?

Ẹ fi ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ sílẹ̀ ná. Kò sí ọmọ ọdún méje tó mọ ohun tí yóò gba oríyìn fún un lójú ẹgbẹ́ rẹ̀, tí yóò sì mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ ọ́ lójoojúmọ́.

Ojú àti etí lẹ máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ wò ó nígbà tó bá ń kọ nǹkan láti ara bọ́ọ̀dù: ṣé ó ń fún ojú pọ̀, ṣé ó ń gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, àbí ìwé ọmọ tó jókòó tì í ló ń wò kọ? A máa ń na ọmọ bẹ́ẹ̀ pé ó ń jí iṣẹ́ wò. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ni ojú rẹ̀ ká. Ní ti etí, ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀ níbi tí kò ti lè rí ẹnu yín, ẹ sọ gbólóhùn kan jẹ́jẹ́, kí ẹ ní kó sọ ọ́ padà. Ẹ ṣe é lápá ọ̀tún, ẹ ṣe é lápá òsì. Èyí kò rọ́pò àyẹ̀wò dókítà o, àmọ́ ẹ ó fi mọ ẹni tó yẹ kó tètè lọ rí dókítà. Ẹ wo inú etí náà pẹ̀lú. Etí tó ń ṣọyún, tó ń rùn, kì í ṣe ohun tí a ń fi sílẹ̀ pé yóò gbẹ bó bá dàgbà. Ó lè sọ ọmọ di ẹni tí kò gbọ́ràn dáadáa títí ayé.

Lẹ́yìn náà, ẹ wádìí bóyá ó jẹun kó tó wá, ìgbà tó ń sùn, bóyá ó ti kiri ọjà kó tó dé kíláàsì. Kí ẹ sì bi ìyá rẹ̀ léèrè bí wọ́n ṣe bí i: ṣé ó ké lójú ẹsẹ̀, ṣé gìrì ti mú un rí, ṣé ojú àti ara rẹ̀ pupa rúsúrúsú ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́?

Níbi tí mo dé yìí, mo ní ọ̀rọ̀ kan fún àwọn abiyamọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe kó káńfọ̀, àwọn róbótó funfun tí a ń fi lé kòkòrò, sínú aṣọ ọmọ tuntun. Àwọn ọmọ kan wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò gbà á, wọ́n sì pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ó lè mú kí ara wọn pupa rúsúrúsú. Bó bá pọ̀ jù, tí wọn kò sì tètè dé ilé ìwòsàn, ó ń wọ ọpọlọ lọ, ọmọ tí a bí tí kò ní àbùkù kan lè di adití, tàbí kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ má ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Oòrùn àárọ̀ tí a ń gbé ọmọ sí kò tó láti wò ó.

Ohun tí ẹ bá rí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. “Kò gbọ́n” kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. “Ó ka 1 dé 20 láìṣìṣe, àmọ́ nígbà tí mo ní kó kọ 12, 21 ló kọ”: ìyẹn wúlò fún dókítà, ó wúlò fún ìyá rẹ̀, ó sì wúlò fún tíṣà tó máa gbà á lọ́wọ́ yín lọ́dún tó ń bọ̀.

Ọmọ yìí já fáfá lẹ́nu, ó lè pa àlọ́, ó mọ ṣẹ́ńjì owó, àmọ́ kò lè ka gbólóhùn kan. Kí ló fà á?

Irú ọmọ yìí ló ń ká mi lára jù, torí òun la máa ń sọ pé ó ń ṣe agídí. Ẹ rán an lọ sọ́jà, kò ní gbàgbé nǹkan kan. Ẹ gbé ìwé fún un, òógùn á bò ó. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tí àwọn oníṣègùn ń pè ní dyslexia ló ń yọ ọ́ lẹ́nu: ó ṣòro fún ọpọlọ rẹ̀ láti so ìró tó ń gbọ́ mọ́ lẹ́tà tó ń rí. Ó máa ń wà nínú ìdílé. Ẹ bi bàbá rẹ̀ dáadáa, ó lè sọ fún yín pé bí wọ́n ṣe na òun náà nìyẹn. Kò ní í ṣe pẹ̀lú ọgbọ́n orí, kò sì sí oògùn rẹ̀. Bí a ṣe ń kọ́ ọ ni oògùn rẹ̀.

Yorùbá ni kí ẹ kọ́kọ́ fi kọ́ ọ ní ìwé kíkà. Mo mọ̀ pé àwọn òbí kan kò fẹ́ gbọ́ èyí, àwọn ilé-ìwé aládàáni kan sì ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá, àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Lẹ́tà Yorùbá jẹ́ 25, ohun tí o bá sì rí lo máa pè: b kì í yí padà, ọ kì í yí padà. Ẹ wá wo Gẹ̀ẹ́sì: though, through, cough. Lẹ́tà kan náà ló parí gbogbo wọn, ìró wọn yàtọ̀ síra. Ọmọ tí ìró àti lẹ́tà ti ń bá jà tẹ́lẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì la tún gbé kà á lórí ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, ní ilé-ìwé St. Stephen’s “A” ní Modákẹ́kẹ́. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín àwọn yòókù. Nígbà tí wọ́n ṣe ìdánwò fún wọn, wọ́n ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì bà jẹ́. Kì í ṣe àwọn ọmọ tó ní dyslexia ni wọ́n dìídì fi iṣẹ́ yẹn ṣe, àmọ́ bí èdè abínibí bá ran ọmọ tí nǹkan kan kò ṣe lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀, ẹ wo bí yóò ti rí fún èyí tí lẹ́tà ń dàrú mọ́ lójú.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é rèé. Ẹ da iyanrìn gbígbẹ sínú tíréè tàbí àwo pẹrẹsẹ kan. Ẹ mú lẹ́tà kan ṣoṣo, ká ní b. Kó máa fi ìka kọ ọ́ sínú iyanrìn, kó máa pe ìró rẹ̀ sókè bó ṣe ń kọ ọ́, kí ojú, etí àti ọwọ́ jọ ṣiṣẹ́. Ẹ má tíì mú d sún mọ́ ọn títí b yóò fi dúró, nítorí pé wọ́n jọra jù. Bí b bá ti dúró, ẹ so fáwẹ́lì mọ́ ọn: ba, be, bẹ, bi, bo, bọ, bu. Kó pàtẹ́wọ́ sí sílébù kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ tó ti mọ̀ láti ilé: bà-tà, à-gbà-do, a-lá-ǹ-gbá. Àmì ohùn ló máa kẹ́yìn, ẹ má sì bẹ̀rù rẹ̀, torí ẹnu ọmọ ti mọ̀ ọ́n kí ọwọ́ rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n. Ẹ ní kó fi dò-re-mí kọ igba, igbá, ìgbà lórin. Ó ti mọ̀ pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójoojúmọ́ dára ju wákàtí méjì lọ́jọ́ Jímọ̀.

Ní gbogbo ìgbà tí èyí bá ń lọ lọ́wọ́, ẹ má ṣe ní kó dìde kàwé síta lójú gbogbo kíláàsì. Ẹ ka ìbéèrè ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì fún un, kó fi ẹnu dáhùn, kí ẹ sì fún un ní máàkì rẹ̀. Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì lẹ fẹ́ dán wò, ẹ kò dán ìwé kíkà wò lọ́jọ́ yẹn.

Ọmọ ọgọ́ta ló wà níwájú mi. Níbo ni mo ti máa rí àyè fún ẹnì kan?

Ìbéèrè tó tọ́ ni, mi ò sì ní sọ fún yín pé ó rọrùn. Ìjọba ló yẹ kó dín iye yẹn kù. Títí di ìgbà náà, ohun tó wúlò fún irú ọmọ yìí, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni ẹ lè ṣe fún gbogbo kíláàsì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kọ̀wé gàdàgbà sára bọ́ọ̀dù, kí ẹ máa ka ohun tí ẹ ń kọ síta. Ẹ pa àṣẹ kan lẹ́ẹ̀kan: “Ẹ mú ìwé ìṣirò jáde.” Ẹ dúró. “Ẹ ṣí ojú ewé 14.” Ẹ dúró. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí a ní kì í gbọ́ràn, àṣẹ mẹ́rin tí a pa papọ̀ ló sọnù mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ẹ fi ọmọ náà jókòó ti ọmọ tó mọ̀wé tó sì ní sùúrù, kí ẹ máa pààrọ̀ ẹni tó ń ràn án lọ́wọ́ kó má bàa di ẹrù. Bí àwọn yòókù bá ń ṣe ìbéèrè mẹ́wàá nínú ìṣirò, kí òun ṣe márùn-ún. Bó bá gba márùn-ún, ó ti yé e. Ìṣẹ́jú díẹ̀ tí gbogbo kíláàsì ń kọ nóòtù ni ìṣẹ́jú yín pẹ̀lú rẹ̀.

Èyí tí kì í jókòó ńkọ́? Ó ń da gbogbo kíláàsì rú.

Ẹ gbé e kúrò lẹ́bàá fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà, kó wà níwájú yín. Ẹ fún un ní iṣẹ́ tó ń gbé e nílẹ̀: kó nu bọ́ọ̀dù, kó pín ìwé, kó lọ bá yín mú ṣọ́ọ̀kì wá. Ẹ gé iṣẹ́ rẹ̀ sí kékeré, kí ẹ yìn ín nígbà tó bá parí ọ̀kan. Bó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ náà ló rí nílé, ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, tó sì ti pẹ́, kí àwọn òbí gbé e lọ rí dókítà àwọn ọmọdé.

Ṣé mo lè kọ́ ọmọ tí kò gbọ́ràn dáadáa?

Ẹ lè kọ́ ọ. Ẹ kọjú sí i kí ẹ tó la ẹnu. Tíṣà tó ń bá bọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀ ti ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọmọ yìí. Ẹ má ṣe pariwo, ariwo máa ń yí ẹnu po. Ẹ sọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ, kí ìmọ́lẹ̀ wà lójú yín, kì í ṣe lẹ́yìn yín. Bí ọmọ mìíràn bá dáhùn ìbéèrè láti ẹ̀yìn kíláàsì, ẹ tún ìdáhùn náà sọ kí òun náà lè gbọ́.

Bó bá jẹ́ adití pátápátá, ó nílò èdè ìfọwọ́sọ̀rọ̀, ó sì nílò rẹ̀ ní kékeré. Ìbàdàn wa yìí kó ipa ńlá nínú ìtàn yẹn. Andrew Foster, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ adití fúnra rẹ̀, dá ilé-ìwé adití sílẹ̀ ní Accra ní 1957, ó sì dá ti Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1960. Èdè ìfọwọ́sọ̀rọ̀ tí àwọn adití wa ń lò ní ilé-ìwé lónìí, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló ti ọwọ́ rẹ̀ wá. Àwọn ọmọ tó ń gbọ́ràn sì máa ń kọ́ ọ kíákíá. Ẹ kọ́ gbogbo kíláàsì ní “ẹ káàárọ̀”, “jọ̀ọ́”, “wá jẹun”, “ṣé ó yé ọ?”, kí ẹ wá wo ojú ọmọ adití náà ní ìgbà eré.

Àfín wà ní kíláàsì mi. Ṣé òun náà wà lára àwọn tí ẹ ń sọ?

Ó wà lára wọn, a sì máa ń gbàgbé rẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ la ń wò, ojú rẹ̀ ló ń dà á láàmú. Ojú àfín kì í sábà ríran jìnnà, ìmọ́lẹ̀ ń gún un, ẹyinjú rẹ̀ sì lè máa gbọ̀n láìdúró. Ẹ fi í síwájú, kó kẹ̀yìn sí fèrèsé, ẹ jẹ́ kó dìde sún mọ́ bọ́ọ̀dù nígbàkigbà láìtọrọ àyè. Kó máa dé fìlà bó bá jáde, kí aṣọ rẹ̀ bo apá. Ọ̀rọ̀ pé fìlà kò sí nínú yúnífọ́ọ̀mù kò kan òun. Bí gbogbo kíláàsì bá dúró sínú oòrùn ní àpéjọ àárọ̀, abẹ́ igi tàbí abẹ́ òrùlé ni kí òun wà. Láyé àtijọ́ a ń pe irú wọn ní ẹni òrìṣà, a kì í fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ó yẹ kí ìyẹn ṣì wà ní ojú ọgbà ilé-ìwé.

Bí wárápá bá mú ọmọ ní kíláàsì, kí ni kí n ṣe?

Wárápá kì í ràn. Itọ́ rẹ̀ kì í ràn, ìfọ́ọ̀fọ́ ẹnu rẹ̀ kì í ràn. Ẹ sún mọ́ ọmọ náà.

Ẹ gbé bẹ́ǹṣì àti ohun líle kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ fi ohun rírọ̀ sábẹ́ orí rẹ̀, ẹ tú bọ́tìnì ọrùn. Ẹ wo aago. Ẹ má ṣe dì í mọ́lẹ̀, ẹ má ṣe ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má ṣe da omi, epo tàbí àgbo sí i lẹ́nu. Àgbo tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù sè ti ṣe ọ̀pọ̀ ọmọ ní jàǹbá ju gìrì fúnra rẹ̀ lọ. Bí ara rẹ̀ bá ti ń rọlẹ̀, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dùbúlẹ̀ kí itọ́ lè ṣàn jáde. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, tàbí tí òmíràn bá tẹ̀ lé e kó tó jí, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Bó bá jí, ó máa rẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ kó sùn.

Kí ẹ sì bá àwọn ọmọ tó kù sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ọ̀rọ̀ mìíràn má bàa ti ilé wá.

Ṣé ẹ fẹ́ sọ pé ká má na wọ́n rárá? Ẹgba ló kọ́ àwa náà.

Mi ò fẹ́ kí ẹ nà wọ́n rárá. Ẹgba kò la ojú tí kò ríran, kò ṣí etí tó dí, kò sì kọ́ ẹnikẹ́ni ní lẹ́tà. Ohun tó ń kọ́ ọmọ ni pé kó fi àìmọ̀ rẹ̀ pamọ́: yóò máa kọ nǹkan tí kò lè kà, yóò máa dákẹ́, yóò wá di ọjọ́ kan tí kò ní wá sílé-ìwé mọ́. Pípè é ní olódo tún burú ju ẹgba lọ, torí ojú ẹgba ń jinná, àmọ́ gbogbo kíláàsì ló ń bá tíṣà pe orúkọ yẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá kọ “olódo rabata” sí ọmọ kan létí yín, ẹ dá ẹ̀kọ́ dúró, kí ẹ sọ̀rọ̀ sí i.

Ṣé kò ní sàn jù kó lọ sí ilé-ìwé àwọn abirùn?

Ó sàn fún àwọn kan. A ní irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ tipẹ́: Wesley fún àwọn adití àti Pacelli fún àwọn afọ́jú, méjèèjì ní Sùúrùlérè l’Ékòó, láti 1958 àti 1962. Pacelli ni olórin Cobhams Asuquo ti kàwé. Ọmọ adití tí kò tíì ní èdè kankan, ibi tí wọ́n ti ń fọwọ́ sọ̀rọ̀ láàárọ̀ ṣúlẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ. Afọ́jú nílò ẹni tó máa kọ́ ọ bí yóò ṣe fi ìka mọ àmì mẹ́fà Braille, ìwé tí àwọn afọ́jú ń fi ìka kà. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n lè bá àwọn tó ríran jókòó ní sẹ́kọ́ńdìrì, ọ̀pọ̀ wọn sì ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn yòókù tí mo dárúkọ lókè, kíláàsì yín ni ipò wọn. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ìdánilójú: púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí wọ́n ń lé lọ sí ibòmíràn, kì í ṣe pé wọn kò lè kọ́ ẹ̀kọ́ níbẹ̀, àwọn àgbà ló fẹ́ sinmi.

Ìyá rẹ̀ ní àwọn ayé ló ń ṣe é, ó ń gbé e káàkiri. Báwo ni mo ṣe máa bá a sọ̀rọ̀?

Ẹ má bá a jà lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ẹ pè é sí kọ̀rọ̀, kì í ṣe lójú àwọn òbí mìíràn ní ìpàdé PTA, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọmọ ti dára. “Ìyá Ayọ̀, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Ọmọ yín lójú àánú, ó sì mọ owó kà ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ohun kan ni mo ṣàkíyèsí tí mo fẹ́ ká jọ wò.” Lẹ́yìn náà ni kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí, ẹ má sọ orúkọ àìsàn, dókítà ló ni ìyẹn. Ẹ sọ fún un pé àdúrà kò dí ilé ìwòsàn lọ́wọ́. Kí ẹ sì fi sọ́kàn pé ó ṣeé ṣe kí ìdílé ọkọ rẹ̀ ti máa di ẹ̀bi lé e lórí láti ọjọ́ tó ti bí ọmọ náà. Ọ̀rọ̀ ìtura látẹnu tíṣà lè jẹ́ àkọ́kọ́ tó máa gbọ́.

Kí ni òfin sọ?

Òfin UBE ti 2004 sọ ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́sàn-án, mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti mẹ́ta ní JSS, di ọ̀fẹ́ àti dandan fún gbogbo ọmọ. Ní oṣù kìíní 2019, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe ya aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀. Ẹni tó bá rú u lè san 100,000 náírà tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ti iléeṣẹ́ jẹ́ mílíọ̀nù kan náírà. Òfin yìí kan náà ní kí olùkọ́ tó kọ́ nípa ẹ̀kọ́ wọn wà ní gbogbo ilé-ìwé ìjọba, ó kéré tán ẹnì kan. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin tirẹ̀ láti 2011, LASODA, àjọ ìjọba Èkó fún ọ̀rọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara, ló ń mójú tó o. Èyí tó wà nínú ìwé òfin àti èyí tó wà nínú ọgbà ilé-ìwé ṣì jìnnà síra, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ̀yin òbí máa béèrè olùkọ́ yẹn ní ìpàdé PTA, kí ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà, kí orúkọ yín wà lábẹ́ rẹ̀.

Ta ló lè yẹ ọmọ wò, ta ló sì lè kọ́ mi?

Fún àyẹ̀wò: UCH ní Ìbàdàn, ilé ìwòsàn Yunifásítì ní Ifẹ̀, LASUTH (ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó) ní Ìkẹjà, àti ilé ìwòsàn Àrò ní Abẹ́òkúta fún ti ọpọlọ àti ìhùwàsí. Fún ẹ̀kọ́: Federal College of Education (Special) ní Ọ̀yọ́, àti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àkànṣe ní Yunifásítì Ìbàdàn.

Ìdánwò ńkọ́? Ṣé WAEC àti JAMB máa gba tirẹ̀ rò?

Wọ́n ń gba tirẹ̀ rò, bí wọ́n bá mọ̀ nípa rẹ̀. WAEC ń fún afọ́jú ní ìbéèrè ní Braille àti àkókò kún àkókò. Láti 2017, JAMB ti ní ìgbìmọ̀ kan tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Okebukola ń darí, tó ń ṣètò ìdánwò fún àwọn afọ́jú àti àwọn mìíràn tó nílò ètò àkànṣe, ní àwọn ibùdó tiwọn. Níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń pàdánù ni ìforúkọsílẹ̀: hẹ́dímásítà tàbí ọ̀gá ilé-ìwé kò kọ ipò ọmọ náà sí fọ́ọ̀mù, ọjọ́ ìdánwò la ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀. Bí ọmọ yín bá ti wọ SS2, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí kó ìwé ẹ̀rí dókítà rẹ̀ jọ, kí ẹ sì dúró ti ẹni tó ń kọ fọ́ọ̀mù náà títí ẹ ó fi rí i pé ó kọ ọ́ síbẹ̀.